Wọn Kò Mọ Bud Tollefson

Ọkọ Verlene Haugstad kò tíì lo ọdún kan nínú sàréè tí obìnrin náà fi gba ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ṣófo tipẹ́ nílùú wọn ní North Dakota, tó kó bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, àga onítáyà àti ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síni nímú sínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọgọ́rin máìlì ni wọ́n ń rìn kí wọ́n tó rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbà. Kò fẹ́ kí ojú ẹlòmíì tún rí i.

Ọjà kíkó kò le. Ohun tó le ni kí ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń sanwó fún àwọn aláìsàn gbà á láyè láti máa fi ìwé owó ránṣẹ́ sí wọn lórí kọ̀ǹpútà. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń kún fọ́ọ̀mù. Wọ́n dá èyí padà torí pé kò kọ déètì sí i. Wọ́n dá ìyẹn padà torí pé àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá ti ìwé àṣẹ mu. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣílẹ̀kùn wọlé, tí yóò kàn ṣàdédé mọ̀ pé òun ti ń ka fọ́ọ̀mù sókè fún ara òun.

Nígbà tí ọ̀nà là, ó fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó gbé fún Bud Tollefson, àgbẹ̀ kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n dá a padà: àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó pe bàbá náà títí, kò gbé fóònù. Ló bá wa ọkọ̀ la yìnyín lọ sóko rẹ̀, ó kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Verlene ni, Bàbá. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Èmi tí mò ń lò ó ò mọ̀!"

"Kò bàjẹ́. Káàdì adójútòfò yín ni mo fẹ́ wò. Wọ́n ní àwọn ò mọ Bud kankan."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ingvald lorúkọ mi. Àbúrò mi ò lè pè é ní kékeré, ló bá sọ mí di Bud, ìyẹn 'brother' lẹ́nu ọmọdé. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Ingvald, tínú bá bí i." Ó na káàdì sí i. "Pè é kí n gbọ́."

"Bàbá Ingvald."

Bàbá yíjú sí fèrèsé. "Ó mà ti pẹ́ o," ló wí.

Ó ní kó jókòó. Ó bu kọfí tó ti korò fún un, ó gbé lefse, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn ará Norway, tó fi bọ́tà àti ṣúgà ká kalẹ̀. Wọ́n jọ jẹ ẹ́. Nígbà tí Verlene dìde, bàbá wò ó.

"O ti fẹ́ máa lọ nìyẹn?"

"Yìnyín tún ń bọ̀, Bàbá."

"Ta ló ń dúró dè ọ́ nílé?"

Verlene ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó jáde, ó wakọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ó kọ Ingvald síbi tó kọ Bud sí, ó sì tún fi í ránṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, èsì dé: wọ́n ti gbà á. Ó fò dìde láti sọ fún ẹnìkan, kò rí ẹnìkan àfi àwọn àga onítáyà tó tò síbẹ̀. Ó pe Kirsti ọmọ rẹ̀ ní Minneapolis. Fóònù ní kó fọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Kirsti, ìyá rẹ ni. Wọ́n gbà á o."

Ó ń wá ohun tí yóò fi kún un títí fóònù fi gé.