Kókó Irin Ìdí Idà Bàbá Wa

Ọjọ́ kan tí n kò lè gbàgbé láyé mi ni ọjọ́ tí ó yẹ kí n jẹ Mọ́gàjí ilé wa ní Ṣakí. Àṣà wa ni pé ẹni tí oyè kàn yóò fi idà bàbá wa bẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; bí ó bá tàsé, oyè kọjá sí ẹlòmíràn.

Èmi tíṣà, tí mo kàwé jù nínú ẹbí, ti pinnu pé idà náà wúwo jù. Mo fi ayùn gé kókó irin ìdí èèkù rẹ̀ kúrò. Ọ̀ṣọ́ lásán ni mo pè é.

Bí mo ti gbé idà sókè láti bẹ́ igi níwájú gbogbo ẹbí, ṣóńṣó rẹ̀ fà mí lọ síwájú. Ó tàsé igi, ó ba òkúta tí a fi ti ìdí igi náà, apá mi sì gbọ̀n rìrì dé ìgbọ̀nwọ́.

Alágbẹ̀dẹ wa gbé idà náà wò. “Bàbá Tíṣà, kókó ìdí rẹ̀ dà? Òun ló ń fa idà sẹ́yìn kí iwájú má baà wúwo lọ́wọ́ yín, òun náà ló ń dín gbígbọ̀n rẹ̀ kù.”

“Ó wà lórí tábìlì mi. Mo fi ń tẹ ìwé kí atẹ́gùn má gbé e lọ.”

“Ẹ kú ọgbọ́n! Ìwé ò lọ, oyè ló lọ.”

Alágbẹ̀dẹ jó kókó náà mọ́ ìdí idà padà. Àbúrò mi gbé idà, ó bẹ́ igi náà bí ẹni gé iṣu. Òun ni Mọ́gàjí lónìí. Èmi ni akọ̀wé rẹ̀, òkúta ọjọ́ náà ni mo sì fi ń tẹ ìwé.