Nígbà Tí Àbúrò Gun Àga Ọ̀gá Àgbà

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò kú. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí bí ẹ bá rí bí àwọn èèyàn ṣe ń rọ́ wá sílé wọn ní Surulere lọ́jọ́ Àìkú yẹn, tí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, ẹ ó bèèrè ìgbà tá a máa sin ín.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ọ̀gá àgbà tuntun fún àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n mú, ẹ̀yìn Bọ̀dá, ìyẹn ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ló wọ iṣẹ́ ológun. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, gbogbo ẹni tó ṣíwájú ọ̀gá tuntun máa ń kó ẹrù wọn ni. Wọn kì í dúró kí ẹnikẹ́ni lé wọn. Fúnra wọn ni wọ́n ń kọ̀wé pé àwọn fẹ̀yìn tì. Àgbà kì í bẹ́rí fún àbúrò, wọ́n ní.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ Bọ̀dá kan ló kọ́kọ́ wọlé, tòun ti kéréètì ohun mímu mọ́ọ̀tì.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló kú?"

"Háà, Àǹtí, mo kàn ní..."

"Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ní. Ọkọ mi wà lókè, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà. Ṣé kí n pè wọ́n kí wọ́n wá jíǹde níwájú yín ni?"

Mo gba mọ́ọ̀tì náà. Mọ́ọ̀tì ò ṣẹ̀ mí.

Mo gòkè. Ẹ̀wà wà níwájú Bọ̀dá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án. Bébà funfun kan ló ń wò, bíírò lọ́wọ́.

"Tíṣà," ó ní, "ó parí nìyẹn."

Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yaba, n ò sì mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣebí òyìnbó ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà yẹn? Òyìnbó ń gbé e fún òyìnbó, kódà lẹ́yìn tá a gbòmìnira. Nígbà tó fi máa kan ọmọ wa, kò pẹ́ tí ìbọn fi dá sí i. Wọ́n pààrọ̀ orúkọ oyè náà. Ìfipágbàjọba gbé àwọn kan gùn ún, ó sì já àwọn kan lulẹ̀. Ikú ká ẹlòmíì mọ́ orí ẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi: nínú gbogbo ìyẹn, òfin wo ló ní kẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín lé ara yín?"

"Kì í ṣòfin. Àṣà ni."

"Ilà kíkọ náà, àṣà ni. Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, èwo nínú àwọn ọmọ yín lẹ kọ nílà?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Wọ́n á ní mi ò nítìjú."

Ẹ̀gbọ́n mi ti dé ẹnu ọ̀nà. "Kí wọ́n wí i! Ìtìjú kí ni? Ẹ jalè? Ẹ sá lójú ogun? Èmi tí mò ń tẹ̀ lé yín láti bárékè dé bárékè, n ò rí ìtìjú kankan. Bí wọn ò bá fẹ́ yín mọ́, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́."

Bọ̀dá gbé bíírò kalẹ̀, ó fa àwo ẹ̀wà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ kákí rẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, ó lọ sọ́fíìsì rẹ̀ ní Yaba. Ẹnu ya ọmọ ogun tó ń ṣọ́ géètì débi tó gbàgbé àtibẹ́rí. Nígbà tí ọ̀gá tuntun wá ṣàbẹ̀wò sí wọn, Bọ̀dá tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì bẹ́rí fún un níṣojú gbogbo ayé, apá rẹ̀ le bí igi.

"Ẹ bẹ́rí fún àbúrò yín?" mo bi í nírọ̀lẹ́.

"Àga ni mo bẹ́rí fún. Ìdí tó wà lórí ẹ̀, òun náà á dìde lọ́jọ́ kan."

Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kó máa lọ. Ó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ló lé e. Kò lé ara rẹ̀. Títí dòní làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń sọ kiri pé ó ba àṣà jẹ́. Ó bà á jẹ́ lóòótọ́. Ẹni tó bá ká lára, kó wá tún un ṣe.