Ehoro Tó Ń Bá Ìyá Mi Jẹ Obì

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo ra ehoro kan fún ìyá mi kí ilé má baà dá páropáro. N kò mọ̀ pé ọkọ ni mo wá fún un. Kò pẹ́ rárá tí ehoro fi ń jókòó sórí àga bàbá mi. Ìyá mi ń pè é ní "ọkọ mi", èdè Ìkálẹ̀ pọ́nńbélé ló sì fi ń ròyìn oko fún un. Inú mi dùn, torí ìyá mi ti tún ń jẹun.

Ìgbà kan tí mo dé Àràròmí Obù tí ìyá mi wà láti Òrè tí mo ń gbé, mo bá ehoro tó kákò sí kọ̀rọ̀. Kò jẹ, kò yàgbẹ́. Ìyá mi náà kò jẹ. Ó ní, "Bí èyí náà bá lọ, má wulẹ̀ ra òmíràn." Ọ̀rọ̀ náà já mi láyà.

A gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní Òrè. Ọlọ́kadà tó gbé wa bèèrè bóyá ẹran ọbẹ̀ ni. Ìyá mi fa apẹ̀rẹ̀ náà mọ́ àyà.

Dókítà tẹ ikùn ehoro wò. "Màmá, kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Koríko, àti ewé ọ̀dùnkún." Ó fọwọ́ pa ehoro lórí. "Àti obì."

Mo yíjú sí i. "Ẹ̀ẹ́n, obì kẹ̀?"

"Awẹ́ méjì láràárọ̀. Èmi jẹ méjì, òun jẹ méjì, bí èmi àti bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe. Ta ló ń dá obì jẹ? Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, mo wá ń rún un mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu. Dókítà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní tánìnì wà nínú obì, òun ló ń mú kí ahọ́n fún pọ̀ bí a bá ń jẹ ẹ́, ó sì wà nínú tíì àti èèpo kòkó náà. Ehoro lè fara da díẹ̀ nínú ewé, àmọ́ ti obì ti pọ̀ jù fún ikùn kékeré, ohun tó ń lé oorun nínú obì sì lè mú kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì. Ó fún un lóògùn, ó ní koríko àti omi nìkan ni kó máa rí.

Ehoro yè, ó sì padà sórí àga. Ìyá mi ló wá kù. Obì tí mo gbé lọ fún un gbẹ sínú abọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Èmi àti ta ni?"

Mo ra obì tèmi. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń pe ìyá mi, a jọ ń jẹ ẹ́ lórí fóònù. Ó korò lẹ́nu mi bí ewúro tí a kò fọ̀. Lọ́jọ́ kan mo dọ́gbọ́n fi bisikíìtì rọ́pò rẹ̀, ó ní ìró obì kọ́ nìyẹn, bàbá mi náà dán irú ẹ̀ wò rí. Láti ìgbà náà ló ti ní kí n máa sún fóònù mọ́ ẹnu. Kì í fi tirẹ̀ sẹ́nu títí yóò fi gbọ́ tèmi.