Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Iná

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí, mo wà lórí sìmẹ́ǹtì tí a ń sá kòkó sí lẹ́yìn ilé wa ní Ìdànrè, mo ń fi ẹsẹ̀ lásán da kòkó. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn: a óò máa wọ́ ẹsẹ̀ láàárín rẹ̀, kí èyí tó tutù nísàlẹ̀ lè bọ́ sókè. Oòrùn mú gan-an. Ìyàwó mi, Ìyá Fọlákẹ́, ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé sìmẹ́ǹtì báyìí, ó fò sókè, ó sá sábẹ́ igi. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹsẹ̀ ọmọ Àkúrẹ́! Ẹ ò lè ṣiṣẹ́ oko."

Kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò. "Bàbá Fọlákẹ́, omi wo ló ń jáde lẹ́sẹ̀ yín yẹn?"

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Àtẹ́lẹsẹ̀ ti jóná, ó ti lé ròrò, ó ti bẹ́, hóró kòkó méjì sì lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Mi ò mọ nǹkan kan lára. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn, ju egbò náà lọ.

Kí n má parọ́, àmì ti wà ṣáájú. Òùngbẹ kì í dá lọ́fun mi, mo ń tọ̀ ṣáá, èèrà sì ń kóra jọ síbi tí mo bá tọ̀ sí. Ẹsẹ̀ mi ti kọ́kọ́ ń ta mí bí ẹ̀gún, nígbà tó yá ó dákẹ́. Mo rò pé ó ti san ni.

Mo fi àkísà di egbò náà, mo padà sídìí kòkó, torí òjò lè dé nígbàkigbà, ìdí mi kì í sì í gbélẹ̀ lásìkò kòkó. Aládùúrà ni wá. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun kì í wọ bàtà. Ní ọjọ́ kẹrin, èmi àti ìjọ gun àtẹ̀gùn lọ gbàdúrà lórí Òkè Ìdànrè. Ẹsẹ̀ mi ni mo ń gbàdúrà fún, ẹsẹ̀ yẹn náà ni mo sì ń fi gbá òkúta kiri. Nígbà tí a fi máa sọ̀kalẹ̀, ó ti wú, ó ń rùn, ibà sì ti mú mi.

"Ẹ̀yin lẹ gbàdúrà, ẹ̀yin náà lẹ tún ń bà á jẹ́," Ìyá Fọlákẹ́ ní. "Lọ́rì Àkúrẹ́ fẹ́ ṣí. Ẹ dìde."

Ní ilé ìwòsàn, a jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde, títí tí ìyàwó mi fi di etí aṣọ mi mú. Nọ́ọ̀sì po ìtọ̀ mi mọ́ oògùn aláwọ̀ aró, ó gbé e kaná, ó sì pọ́n bíi bíríkì. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ó ń tú sínú ìtọ̀, ó sì ti ba àwọn iṣan tí ń sọ ìrora fún ọpọlọ jẹ́.

"Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ yín le, bàbá," ni dókítà wí. "Kò mọ nǹkan lára mọ́ ni. Bí jíjẹrà yìí bá kọjá ọrùn ẹsẹ̀, a máa gé e."

Nọ́ọ̀sì fi oògùn aláwọ̀ fa ìlà sí ẹsẹ̀ mi níbi tí wíwú náà dé. Láràárọ̀, wọ́n á fún mi lábẹ́rẹ́ ínsúlínì, tí ń bá ara lo ṣúgà, wọ́n á fún mi ní pẹnisilíìnì, wọ́n á sì gé ẹran tó ti kú kúrò. Èmi á bẹ̀rẹ̀, màá wo ìlà. Ọkàn mi kì í balẹ̀. Ọkùnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì tó máa ń kígbe bí wọ́n bá ń wẹ egbò rẹ̀. Mo jowú rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Fọlákẹ́ ti ilé wá wò mí, mo bi í léèrè kòkó.

"Kòkó ti bu," ó ní. "Ẹsẹ̀ ni kí ẹ béèrè."

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù nìkan ni wọ́n gé. Wíwú náà kò kọjá ìlà. Mo wọ bàtà délé, mi ò sì gbọdọ̀ bọ́ ọ rìn mọ́, ìbáà ṣe nínú yàrá. Ẹ̀yin tí àìsàn yìí bá mú, ẹ má fi ẹsẹ̀ tọ́ omi gbígbóná wò. Ẹni tó mọ iná lára ni kí ó bá yín tọ́ ọ wò. Ẹ nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ, ẹ sì gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Bàbá Aládùúrà wa ronú títí, ó ní kí n máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bàtà mi. Ó dùn mí. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, nígbà tí orin wọ̀ mí lára, mo ti tú okùn bàtà kan. Ìyá Fọlákẹ́ wò mí láti àárín àwọn obìnrin. Mo tún un so.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà lèmi fi ń ṣọ́ ẹsẹ̀. Láràárọ̀, Ìyá Fọlákẹ́ máa ń gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo rẹ̀, á wá egbò títí. Mo dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ ṣì wà tí ó lè gbé lé itan. Mi ò mọ ọwọ́ rẹ̀ lára. Mo máa ń wò ó ni, títí yóò fi gbé e kúrò.