Okùn Pupa Inú Àpò Aránṣọ

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí à ń wí yìí, ìyá aránṣọ kò ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ rárá. Lórí tábìlì gbọọrọ tí ó ti ń gé aṣọ àwọn oníbàárà, ẹrù gígun àpáta ni ó tò síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun náà yóò gun àpáta tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi ọjọ́ ayé rẹ̀ mú àwọn àlejò gùn, tí òun kò sì fi ẹsẹ̀ kàn rí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń fi ojú tọ ọwọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn.

"Màmá, gbogbo ẹ̀wù òwú wọ̀nyí ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ lọ pàtẹ lórí òkè ni?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, aláròyé. Yíyọ ni mò ń yọ wọ́n. Bàbá ẹ máa ń sọ pé òwú a máa mu òógùn bí ọ̀mùtí ṣe ń mu ọtí. Bí atẹ́gùn bá wá fẹ́, òtútù á wọni léegun."

Ó kó àwọn ẹ̀wù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká ṣòkòtò tí í fà, súwẹ́tà fẹ́lẹ́ àti ẹ̀wù òjò sínú àpò ọkọ rẹ̀. Ojú ìránṣọ ló kún ara àpò náà. Nígbà èwe wọn, ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ pẹ̀lú àpò yìí ní yíya, okùn ń wọ́ tẹ̀lé e láti ìta.

"Ẹ̀yin lẹ gbé okùn ni, àbí okùn ló ń lé yín?" ni aránṣọ bi í.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí àpò kì í ya. Ó pẹ́ kí aránṣọ tó fura pé abẹ ni alápò fi ń tú ojú ìránṣọ, kí ó lè rí nǹkan mú padà wá. Bó ti wù kí okùn gùn tó, ó níbi tí a ti fà á wá. Ibẹ̀ ni a ti fa tiwọn.

Ó gun àga, ó gbé okùn pupa kan sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Òun ni okùn ìkẹyìn tí ọkọ rẹ̀ lò. Ó rọra tẹ́ ẹ sórí ẹrù náà bí ẹni tẹ́ ọmọ tó ń sùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, afọ̀nàhàn tí yóò mú wọn gun òkè dé. Ọmọṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Àṣà tí ó sì jogún lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni pé kí ó tú àpò gbogbo ẹni tí yóò bá a lọ wò. Ó yẹ akoto wò, ó fa àmùrè tí a fi ń so okùn mọ́ ìbàdí, ó sì tẹ bàtà.

"Ó ń fún mi lẹ́sẹ̀," ni ìyá aránṣọ wí.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe yẹ kó rí, Màmá. Bàtà òkè kì í ṣe sálúbàtà."

Ọwọ́ rẹ̀ kan okùn pupa. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Màmá, okùn yìí ò lè bá wa lọ."

"Kí ló ṣe é? Kò sí ibi tó ti bó."

"Kò sí lóòótọ́. Àmọ́ ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, okùn tó gbó kì í sì í sọ fúnni kó tó já. Ẹnu Ọ̀gá la ti gbọ́ ọ."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn gbé e dání," ni ọmọbìnrin náà bẹ̀bẹ̀. "Kí wọ́n má so ó mọ́ra."

"Àǹtí, okùn tó bá ti wà nínú àpò, ọjọ́ tí nǹkan bá le, ẹnìkan á so ó mọ́dìí."

"Bí kò bá lọ, èmi náà ò lọ." Ìyá aránṣọ jókòó.

Ó wo tábìlì gbọọrọ náà. Orí tábìlì yìí kan náà ni ọkọ rẹ̀ máa ń gbé okùn tó bá ti darúgbó wá, tí yóò ní kí aya òun gé e, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojú àánú wò ó kí ó sì tún fi gun òkè. Èyí nìkan ni ikú kò jẹ́ kí ó gbé wá.

Ó dìde, ó mú àlùmọ́gàjí.

"Bá mi dì í mú."

Afọ̀nàhàn na okùn sórí tábìlì, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń nà án lójú ọ̀gá rẹ̀. Aránṣọ gé e sí ọ̀nà bíi mélòó kan. Ó rán ẹyọ kúkúrú kan mọ́ ibi tí àpò ti ya kẹ́yìn, kí ó di ọwọ́ tí a ó fi máa gbé e. Èyí tí ó gùn díẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ta sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì sá àwọn ẹ̀wù òwú tí ó fọ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n ń jáde ní òwúrọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ àwọn ẹ̀wù náà lórí okùn pupa. Afọ̀nàhàn na ọwọ́ láti gba àpò.

"Rọra o," ni ìyá aránṣọ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún fi abẹ tú u."