Tíṣà Tó Ń Jókòó Lẹ́yìn

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ilé ìsìn kún, tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá ìjókòó fún èèyàn fà mí kúrò lẹ́yìn wá sí ìlà kejì. Ara mi kò balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí níbikíbi tí mo bá lọ. Ìyá Ìjọ, olórí gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àkúrẹ́, ló wà níwájú mi gan-an. A ń kọ orin ìdúpẹ́, ó ń kọ ọ́ láìṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì gbé ìwé orin sójú bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń rí i. Mo yọjú wo ìwé náà. Orin ìsìnkú ló ṣí sílẹ̀.

N kò mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Mo na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, mo ṣí i sí ojú ewé tó yẹ. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí. Lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n bá òun gbé àpò òun délé.

Inú ilé ìdáná rẹ̀ ló ti bi mí bóyá mo ti sọ ohun tí mo rí fún ẹnikẹ́ni. Mo ní rárá, mà. Ó wá jókòó. Ó ní ọdọọdún ni àlùfáà ń fi orúkọ òun sára àwọn tí yóò ka Bíbélì níwájú ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá, ọdọọdún lòun sì ń sọ pé òun gbàgbé awò ojú òun sílé.

"Awò kan ṣoṣo, ọdún mẹ́rin," ló wí. "Wọ́n á ti máa rò pé orí mi ti ń dàrú."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wá máa kọ́ òun ní ìwé, ṣùgbọ́n kó má kúrò láàárín àwa méjèèjì.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Ọdún méjì péré ni mo lò ní sẹ́kọ́ńdírì kí bàbá mi tó kú, tí ìyá mi fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi obìnrin ní Àkúrẹ́. Àǹtí mi ní òun á dá mi padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ilé rẹ̀ ní àdúgbò Ijapo tóbi, iṣẹ́ inú rẹ̀ sì pọ̀, ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò tún wáyé mọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ lẹ́nu mi rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ ìwé Yorùbá kà, mo sì mọ̀ ọ́n kọ, torí tíṣà wa kan ní Oǹdó kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

N kò ní ìwé tí mo lè fi kọ́ Ìyá Ìjọ. Ìwé orin ló wà nílẹ̀, òun náà ni mo mú. Mo rò ó pé orin yìí ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré, ojú rẹ̀ nìkan ni kò tíì bá ẹnu rẹ̀ pàdé. Mo ní kó máa kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kó máa fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnu bá ti sáré ju ìka lọ, a ó padà. Nígbà tó yá, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà náà, n ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, n ó ní kó pe ìyẹn nìkan fún mi. Bí àgbàlagbà bá ti wò mí lójú, ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu mi, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń jókòó sí, lórí àpótí, tí n ó máa wo ìwé láti orí èjìká rẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ gbogbo wọn nìyẹn.

Gbogbo wọn ni mo wí, torí kò pẹ́ tí Ìyá Ìjọ fi mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, tí ìyẹn náà mú ẹlòmíràn wá. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ là ń pàdé, lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Bíbélì ni kálukú ń gbé lọ́wọ́ bọ̀, kí ará àdúgbò lè rò pé ìpàdé àdúrà ni. Onídìrí kan wà níbẹ̀ tí kò lè kọ nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ní Alágbàka, àárín fáìlì ló ń wà láti àárọ̀, kò sì mọ ohun tí wọ́n kọ sára ẹyọ kan nínú wọn. Mo ní kí kálukú máa mú ohun tí ìwé bá wà lára rẹ̀ wá láti ilé. Wọ́n mú kàlẹ́ńdà ìjọ wá, wọ́n mú káàdì ìgbéyàwó wá, ẹnì kan tilẹ̀ já ìwé ìkéde ìsọjí wá lára ògiri ẹlẹ́ni. Onídìrí yìí ló sọ mí ní Tíṣà Ẹ̀yìn. Bí mo bá ti tẹ̀ sórí èjìká rẹ̀, á ní, "Tíṣà Ẹ̀yìn, má mí sí mi lọ́rùn mọ́, ọkọ mi nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, èmi á sì fẹ́ wọlẹ̀. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀dọ̀ agbálẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ náà gbà jáde. Lọ́jọ́ kan, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tó ti máa ń tẹ àtàǹpàkò. Ọ̀gá rẹ̀ béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Láti ibẹ̀ ló ti dé etí ẹgbẹ́ kan tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún àgbàlagbà tí kò láǹfààní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wò wá. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn ó fún wa ní ìwé àti pátákó, wọn ó sì gba ẹni tó ń darí wa síṣẹ́, kó máa lọ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú mìíràn, láti Ìjàrè títí dé Oǹdó.

Láti ọjọ́ náà n kò ronú ohun mìíràn. Bí mo bá ń fọ aṣọ àǹtí mi, mo máa ń rí ara mi nínú ọkọ̀ Ìjàrè, pẹ̀lú àpò ìwé lórí itan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, òun nìkan ló sì lè mú mi kúrò nínú ilé yẹn. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù. Mo sọ ọ́ fún ọmọ àǹtí mi pẹ̀lú. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, Sístà ni mò ń pè é. Ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó sì ti wà nílé láìríṣẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń fi ojoojúmọ́ ráhùn sí i. Ó béèrè bí mo ṣe ń kọ́ wọn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, orin, ìka, ọwọ́ tí mo fi ń bo ìlà. Ó ní mo gbọ́n, ó sì dà bíi pé ó tọkàn rẹ̀ wá.

Ó ku ọjọ́ méjì kí àlejò dé, Ìyá Ìjọ pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, àwọn èèyàn yìí máa béèrè sàtífíkéètì. Kí ni a ó fi hàn wọ́n?"

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi.

"Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ tí kò parí ìwé ló ń kọ́ wa, wọ́n á yíjú padà ni. Ojú á sì ti àwa náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní tirẹ̀. Kó kàn dúró síwájú lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ti lọ, ìwọ ni tíṣà wa."

Mo mọ̀ pé àǹtí mi ló ti bá a sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ìdúpẹ́ yẹn ló ń ta mí lára jù títí dòní.

Obìnrin méjì àti ọkùnrin kan ló wá. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, nítorí náà èmi ni mo gbé tíréè. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, n kò lè jókòó kí ìyá kan máa gbé omi fún àlejò. Sístà dúró níwájú, ó wọ bàtà gíga, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí ọ̀gá wọn obìnrin béèrè ohun tó mú kí àwọn ìyá yìí tètè mọ̀wé, ó sọ ti orin, ó sọ ti ìka. Ó na ọwọ́ rẹ̀ láti fi bí a ṣe ń bo ìlà hàn wọ́n. Ọ̀gá náà ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Onídìrí ni kò lè pa á mọ́ra. Ó ní, "Ẹ bi ẹni tó gbé tíréè yẹn." Ọ̀gá náà rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má gbàgbé àwọn màmá, kí n gbé mínírà fún àwọn náà. Mo gbé e fún wọn.

Ó wá ku ohun kan. Ẹgbẹ́ náà kì í gba kíláàsì tí kò bá pé èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìnlá sì ni àwọn ìyá yẹn. Ọ̀gá wò yíká. Ojú rẹ̀ bà lé mi.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ̀wé kà?"

Sístà ń wo bàtà rẹ̀. Mo wo Ìyá Ìjọ, àfi bó ṣe gbé ìwé orin sójú, tó ń wò ó gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe kí n tó kọ́ ọ. Bí mo bá sọ òótọ́, gbogbo rẹ̀ yóò bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀, ojú yóò sì ti obìnrin mẹ́rìnlá. Ẹnu mi sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

"Díẹ̀díẹ̀, mà."

Ó ní kí Sístà kọ orúkọ mi sílẹ̀. Sístà kọ ọ́. Kò fi àmì sórí rẹ̀.

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gbà á síṣẹ́. Wọ́n gbé pátákó wá, ó sì ń dúró síwájú rẹ̀, tí àwọn ìyá ń pe lẹ́tà tẹ̀ lé e bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì wọ́n ti ń yán, wọ́n ń bojú wẹ̀yìn. Sístà ní kí n máa bá òun dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tètè gbọ́. Mo padà sórí àpótí mi. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ìjàrè, ó ń lọ sí Oǹdó, pẹ̀lú àpò ìwé lórí itan, èmi sì ni mo ń mú Ọjọ́bọ̀ dúró. Mo ń ṣe iṣẹ́ ilé àǹtí mi kí n tó lọ, mo sì ń ṣe é nígbà tí mo bá dé.

Lọ́jọ́ kan, mo kó ìgboyà jọ, mo rán Ìyá Ìjọ létí ohun tó sọ. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Kò gbójú sókè.

"Ṣebí ìwọ náà ló ṣì ń kọ́ wa? Orúkọ nìkan ló gbà lọ́wọ́ rẹ."

Lọ́tẹ̀ yìí n kò dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá dé. Ìyá Ìjọ dìde, ó gbé awò sójú, ó sì ka Bíbélì láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkọsẹ̀. Láti ìlà ẹ̀yìn tí mo wà, mo rí ìka rẹ̀ tó ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì ní purọ́, ti ayọ̀ ni. Àlùfáà ní kí olùkọ́ tó ṣe iṣẹ́ ribiribi yìí dìde. Sístà dìde. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pín ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní kí Ìyá Ìjọ máa pe orúkọ, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé ó ti mọ̀wé. Ó pe mẹ́rìnlá wéréwéré. Nígbà tó kan ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó dúró. Ó fi ìka sábẹ́ rẹ̀, ó pè é jẹ́ẹ́jẹ́, bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo rìn láti ẹ̀yìn lọ síwájú, mo kúnlẹ̀, mo gbà á. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé èmi yìí ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé àti bí a ṣe ń kọ ọ́, lábẹ́ ìdarí Sístà. Sístà ló buwọ́ lù ú nísàlẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ sílé ní Oǹdó, ìyá mi ń wá aṣọ mi tí yóò fọ̀, ó sì bá a nísàlẹ̀ àpò. Ìyá mi kò mọ̀wé. Kókó ló ń bá àwọn àgbẹ̀ sá káàkiri. Ohun tó mọ̀ ni pé mo sọ fún òun pé mò ń kọ́ àwọn ìyá ní Àkúrẹ́ ní ìwé, òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà sì wà lára èyí tó rí yìí. Ó ní, "Wọ́n ti fún ọ ní ìwé ẹ̀rí tíṣà." Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ onífírémù. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò bàbá mi ló gbé e kọ́ sí. Àwọn ará ilé tó mọ̀wé máa ń kà á, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní mo kú iṣẹ́. Kò tíì sí ẹni tó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un.

"Àwọn obìnrin Àkúrẹ́ lo kọ́," ló wí fún mi. "Èmi tí mo bí ọ ńkọ́?"

Mo ní ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àfi kó kọ́kọ́ ra awò. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sílé, ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Awò kan ṣoṣo ti Ìyá Ìjọ yẹn náà ni.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo bá awò tuntun lórí tábìlì. Ó ti lọ yẹ ojú wò ní ọsibítù, kò sì sọ fún mi. Ó gbé e sójú, ó fà mí lọ síwájú ògiri, ó béèrè ibi tí orúkọ mi wà níbẹ̀.

Mo bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Mo di ìka rẹ̀ mú láti orí èjìká, mo gbé e sórí dígí, sábẹ́ orúkọ mi. Ó pè é, ó tún un pè. Wọn kò kọ àmì kankan síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó pè é bó ṣe yẹ, torí òun ló sọ mí lórúkọ. Ó ní kí a tẹ̀ síwájú. Mo ní kó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ náà la wà títí tí mo fi lọ wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́, ìka rẹ̀ lábẹ́ orúkọ mi, àtẹ́lẹwọ́ mi lórí gbogbo ìlà tó kù.