Ohun Tí Àlàájì Gbàgbé

Bí inú mi bá ń dùn, ẹ̀rù náà kì í jìnnà. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́sàn-án Sunday tí ìjọba kọ́kọ́ rán mi lọ sí Itele ní Ọ̀tà pé kí n lọ bi àwọn ará àdúgbò ohun tí wọ́n fẹ́ kí Ọ̀tà dà lọ́jọ́ iwájú, kí n sì kọ ìdáhùn wọn sínú fọ́ọ̀mù, ẹnì kan fọ́ọ̀mù kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì nìyẹn, ọjọ́ náà ni wọ́n sì fẹ́ fi dán mi wò. Ọ̀gá wa ti kìlọ̀ láàárọ̀: “Fọ́ọ̀mù tí ìdáhùn wọn bá jọra, a jẹ́ pé abẹ́ igi lo jókòó sí tí o fúnra rẹ kọ wọ́n. Màá fà wọ́n ya, ìwọ náà má sì padà wá lọ́la.”

Ìpàdé àdúgbò ni mo bá lọ́wọ́, ní àgbàlá ẹnì kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Orí búlọ́ọ̀kù ni gbogbo wa jókòó sí. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú tí mo wọ̀ kí n lè jọ òṣìṣẹ́ gidi ti di funfun nídìí kí n tó la ẹnu.

Alága wọn, Àlàájì kan tí wọ́n bí sí Ọ̀tà gan-an, kí mi káàbọ̀.

“Ọmọ mi, kí ni wọ́n ní kí o bi wá?”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe sí àdúgbò yìí?”

Àlàájì tún fìlà ṣe. “Gọ́tà. Kọ ọ́ sílẹ̀. Òjò kékeré báyìí, á gbé bàtà wa lọ sílé onílé.”

Mo kọ ọ́. Mo yíjú sí ọkùnrin tó tẹ̀ lé wọn.

“Ohun tí Àlàájì sọ ni.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà?”

“Àlàájì ti sọ̀rọ̀ tán. Gọ́tà ni.”

Nígbà tí mo kọ gọ́tà kẹtàlá, ẹ̀rín ti ń gbọ̀n mí, ẹkún sì wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi: bí ẹni tí gbogbo ayé ń ta lọ́rẹ, tó sì jẹ́ pé bàtà ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo wọn ń fún un. Mo ti ń fojú inú rí Ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń fa fọ́ọ̀mù mi ya. Ṣùgbọ́n nílé tiwa náà, bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, “bẹ́ẹ̀ ni sà” ló kù. Ta ni mí, tí màá ní kí wọ́n ta ko Àlàájì lójú ara wọn?

Ni mo bá kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú sà. Àlàájì ti sọ èyí tó tóbi jù. Ẹ̀yin tó kù, ẹ dákun, ẹ bá wa rán wọn létí. Kí ni wọ́n gbàgbé?”

Àlàájà, ìyàwó Àlàájì, ló kọ́kọ́ wúkọ́.

“Wọ́n gbàgbé iná. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ti gbàgbé pé iná wà láyé.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ tí ò ń fi jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún lọṣọ ńkọ́?” ni Àlàájì wí.

“Èmi náà kọ́ ni mò ń fa okùn rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́?”

Ọkùnrin ará Ọ̀ṣun kan, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ onírin ní Ṣàngó, dìde. “Wọ́n gbàgbé èéfín, sà. Aṣọ funfun tí ìyàwó mi bá sá láàárọ̀, ó ti di àwọ̀ ẹyẹlé kó tó ká a.”

“Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń rú èéfín ọ̀hún!” ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

“Èmi náà ni. Ìdí tí mo fi mọ̀ ọ́n nìyẹn!”

Bí wọ́n ṣe ya lù mí nìyẹn. Ẹnì kan fẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ sí i ní Toll Gate, ó ní sísáré sọdá títì ti sọ eékún òun di ti arúgbó. Télọ̀ kan fẹ́ pápá tí àwọn obìnrin á ti máa gbá bọ́ọ̀lù. Àyè tán lórí fọ́ọ̀mù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sí etí ìwé. Àwọn tí mo ti kọ tiwọn ń pariwo: “Àǹtí Ìjọba, padà wá! Gọ́tà kọ́ ni tèmi mọ́!” Mò ń fagi lé gọ́tà, mò ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ń ro mí. Inú mi dùn débi pé mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, pé inú mi ń dùn, bí ẹni pé wọn ò rí mi.

“Mú tèmi wá ná,” ni Àlàájì wí. Mo fa fọ́ọ̀mù wọn jáde. “Kọ iná sí i. Mo fẹ́ jẹun lálẹ́.”

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá ṣí fọ́ọ̀mù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fajú ro.

“Kí ló dé tí gọ́tà tí wọ́n fagi lé fi pọ̀ tó báyìí?”

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, láti orí búlọ́ọ̀kù títí dé orí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rù àti ayọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

“Ó tó. Ìyànà Iyesi ló kàn, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la. Má pẹ́.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúpẹ́. Nígbà tí mo fi dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Ọ̀gá ti wọkọ̀ lọ.